Èmi Ni Mo Ń Bo Sólà Tàjù

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ọmọ Ìlobù ni mí, mo ti ń dàgbà, ìwé mẹ́fà ni mo kà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo sì ń gùn títí di òní. Mo ba ọ̀rẹ́ mi lórúkọ jẹ́. Mi ò bú u. Mi ò purọ́ mọ́ ọn. Mo kàn jẹ́ kí àwọn èèyàn bú u nítorí ohun tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe. Ó ti pẹ́. Mo rò pé tó bá yá, á kúrò lọ́kàn mi. Kò kúrò.

Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ rẹ̀ wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn, torí ó dùn nígbà kan.

Tàjù lorúkọ ọ̀rẹ́ mi yìí. Ọmọ Ìfọ́n ni, iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe. Mo jù ú lọ díẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n" ló máa ń pè mí. Kẹ̀kẹ́ ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Nígbà tí kálukú ti gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, tí wọ́n ń gun ọ̀kadà, àwa méjèèjì ò gbé tiwa fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀, òun á gbéra láti Ìfọ́n, èmi á gbéra láti Ìlobù, a ó pàdé lọ́nà, a ó wá jọ máa wà á lọ sí ìhà Ẹ̀rìn. Ìrì á ṣì wà lórí koríko. Òórùn gaàrí tí wọ́n ń yan á máa ta sí wa nímú láti ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn. Àwọn ọlọ́kadà á kọjá lára wa, wọ́n á da èéfín bò wá, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé ká fi okùn fà yín ni?"

Tàjù á dáhùn pé, "Ẹ máa lọ o, ẹ bá wa kí mẹkáníìkì yín!" A ó rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ á fẹ́ẹ̀ dà wá sí kòtò. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Òun ló kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi pé èéfín tí gbogbo ayé ń tú sókè ló ń mú kí ooru pọ̀ sí i, tí òjò fi ń ṣe ségesège. Èmi àgbẹ̀ ti rí i lóko. Àgbàdo mi ti gbẹ mọ́ ìdúró rí nígbà tó yẹ kí òjò máa lù ú. Mi ò kàn mọ ohun tí mo lè pè é ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn tíṣà kan wọlé, àwọn télọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Ní Sátidé, a ó tò lórí kẹ̀kẹ́ láti Ìlobù dé Ìfọ́n, a ó so ewé mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a ó máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má dáná sungbó, kí wọ́n dín jẹnẹrétọ̀ kù. A gbin igi sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé wa, wọ́n á máa pè mí ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága, torí mo dàgbà jù, ohùn mi sì máa ń lọ sókè.

Nígbà tó yá, Tàjù lọ kọ́ṣẹ́ sólà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó, ó yẹ kí ìlú fojú rí i pé oòrùn lè tan iná. Ó ní ká gbé ọ̀kan sórí ilé kan kí gbogbo èèyàn wá wò ó. Ilé ta ni? Ilé alága ni.

Mo ní kò burú. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tàbí kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Àrá ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi tí mò ń kọ́ ìlú méjì nípa ojú ọjọ́, ojú ọjọ́ gan-an ni mò ń sá fún.

Láti kékeré ni. Bí òjò bá ti ṣú, ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, á ké pé, "Ẹ bo dígí o!" A ó yí dígí kọjú sógiri, a ó fi aṣọ bò ó, màmá á kó ṣíbí àti ọ̀bẹ pa mọ́ sábẹ́ ẹní. Gbogbo wa á ká jọ sí yàrá rẹ̀ nínú òkùnkùn, á máa pín ẹ̀pà yíyan fún wa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a ó máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń jalè kí àrá má baà gbọ́. Mi ò tíì jẹ ẹ̀pà tó dùn tó o látìgbà náà. Lọ́jọ́ kan, àrá la ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa sí méjì. Màmá ní ìyàwó ilé kejì ni kò bo dígí tiẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo dàgbà, mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mo di alága ẹgbẹ́, mo ṣì gbà á gbọ́.

Ẹ wá wo ohun tí Tàjù gbé wá. Dígí ràgàjì, tó ń dán yinrinyinrin, tó kọjú sí òkè, lórí yàrá tí mò ń sùn sí gan-an. Gbogbo èèyàn ń wo sólà. Èmi ń wo dígí tí kò sẹ́ni tó bò ó.

Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ ṣú, mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo gun àkàbà. Ìyàwó mi dúró nísàlẹ̀, ó ń wò mí.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, kí lẹ ń wá lórí páànù?"

"Mò ń wo ibi tó ń jò."

"Òjò tí ò tíì rọ̀ ló ti ń jò?"

Mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì mi.

Nígbà tó yá, bí mo bá ń lọ sóko, mo máa ń bò ó kí n tó jáde, torí mi ò mọ ìgbà tí òjò lè dé. Ní àkókò òjò yẹn, bíbò ni sólà yẹn máa ń wà ju ṣíṣí lọ. Bátìrì ò rí nǹkan jẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, iná á ṣẹ́jú díẹ̀, á kú.

Ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan nípa bátìrì, ó rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Tàjù á gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìfọ́n kó wá wò ó. Bí mo bá ti rí i lókèèrè, màá sáré gun òkè lọ ká bùláńkẹ́ẹ̀tì. Á dúró lọ́dọ̀ wa títí di ọ̀sán, gbogbo nǹkan á máa ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, kò yé mi o," ló ń sọ. "Tí mo bá wà níbí, ara ẹ̀ á yá. Tí mo bá ti kẹ́yìn báyìí, á kú. Àbí ó ń bínú sí mi ni?"

"Bóyá ìwọ nìkan ló fẹ́ràn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó nu dígí. Ó gbé bátìrì tí wọ́n fi ń tanná nílé tirẹ̀ wá, ó fi pààrọ̀ tibẹ̀, ìdílé tirẹ̀ wá wà nínú òkùnkùn. Mo ń wo bí òógùn ṣe ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bu omi fún un mu.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ìyá kan ní Ìfọ́n ti bi wá rí níwájú èrò pé ṣé nǹkan yìí ò ní pe àrá wálé. Èmi alága ni mo fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Màmá, ayé ti lajú o!" Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ti bo sólà tèmi kí n tó jáde nílé.

Wàyí o, ẹgbẹ́ pe ìlú méjèèjì wá sí ojúlé mi, kí wọ́n wá wo bí oòrùn ṣe ń yí fáànù, tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an. Kí bùláńkẹ́ẹ̀tì má baà fò lọ, mo gbé òkúta lé e. Nígbà tí mo ká a kúrò láàárọ̀, dígí ti là káàkiri bí ilé aláǹtakùn. Mo fi ọwọ́ pa á, bí ẹni pé ọwọ́ á jẹ́ kó jinná. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo wọ aṣọ ẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀rọ gbé ohùn mi dé "Ẹ̀yin ará ìlú," ó kú. Fáànù dúró. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan wá gun òkè, ó ké pé dígí ti fọ́.

"Àlòkù ló lọ gbé wá fún wa!"

"Mi ò gbé èyí tó fọ́ wá o," ni Tàjù ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi, mi ò gbé e wá bẹ́ẹ̀."

"Ẹyẹ ló wá sọ òkúta lù ú?"

Àgbàlagbà kan ní kí wọ́n dákẹ́. Ó kọjú sí mi. "Alága, ẹ̀yin lẹ ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Kí lẹ rí?"

Tàjù ń wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó fura. Ó ń wò mí bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo ní, "Bó ṣe gbé e wá náà ló ṣe wà."

Mo sọ lókè pé mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé e. Irọ́ gbáà nìyẹn.

Gbogbo àwọn tó ti ní kó wá ṣe é fún àwọn náà ní kó má wá mọ́. Wọ́n ń pè é ní oníjìbìtì láàárín ọjà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá tú dígí sólà náà kúrò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi fún gbogbo oúnjẹ tó ti jẹ nílé wa, ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Wáyà inú ilé ló tún padà ń ṣe níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ fọ́n ká. Sátidé kan dé tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Jẹnẹrétọ̀ ló ń kígbe ládùúgbò wa lálaalẹ́ báyìí. Àwọn igi tí a gbìn ti ga, àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣeré lábẹ́ wọn, wọn ò mọ ẹni tó gbìn wọ́n. Òṣogbo sì kún fún sólà lórí òrùlé, mi ò tíì gbọ́ pé dígí kankan pe àrá. Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀. Bí mo bá dé ibi tí a ti máa ń pàdé, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀.

Ọmọ Tàjù tó wá sílé mi, Rùkáyá lorúkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ṣẹ́ sólà bíi bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ti dákẹ́ torí epo bẹntiróò ti wọ́n ju agbára wa lọ, àwọn obìnrin ti padà sí odò. Ó ní òun lè fi sólà gbé e. Àwọn tó ń bójú tó omi ní àwọn ò ní gbé iṣẹ́ fún ọmọ oníjìbìtì.

Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ìpàdé wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n forí ji bàbá mi. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín."

Mo ní kó dìde. Kò dìde.

"Bàbá mi máa ń sọ ọ́ fún wa pé lọ́jọ́ yẹn, gbogbo èèyàn ló bú àwọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú àwọn. Bàbá mi ní ohun tẹ́ ẹ rí lẹ sọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí. Mo ní màá wá. Mo fẹ́ lọ bá wọn bẹ ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Tàjù ní Òṣogbo kí n dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó gbọ́ ọ níta? Àbí ojú ìpàdé ni kí n ti sọ ọ́, níbi tí mo ti bà á jẹ́? Bí mo bá sọ ọ́, Tàjù tó ṣì ń sọ̀rọ̀ mi dáadáa, mo pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ yẹn á jogún ẹ̀gàn tí èmi dá sílẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé náà, láàárọ̀. Mo mọ ara mi. Tó bá di ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ á máa dùn mí, tàbí kí n ní oko ń pè mí. Orúkọ tí mo fi pa mọ́ lókè yẹn, ẹ̀yin ará Ìlobù ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé mi, kó wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ Sátidé, kó fà mí lọ́wọ́ débẹ̀. Bí mo bá ní ara mi ò yá, ẹ má gbà mí gbọ́.