Mẹ́tìrì Ni Múínátù Tẹ̀lé

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi, mi ò ní kí ẹ má bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ wá bá mi nílé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ ni mí ní Koumassi, ní Abidjan níbí. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ṣakí ni bàbá àti ìyá mi. Mi ò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó ṣe ìdánwò náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mi ò yege. Àwọn ará wa ló ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò ní Sátidé.

Àwọn ọmọ ń pè mí ní mẹ́tìrì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ lédè Faransé níbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe ọ̀pá ìwọ̀n. Wọn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mẹ́tìrì, mẹ́tìrì mélòó lẹ ga?" Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Òun ni mo fi ṣe ìwé ẹ̀rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Ìgbòho fẹ́ kọ́ ilé àjọgbé sílùú wọn. Alhájì ni ẹ̀gbọ́n, ó ń ta páàtì ọkọ̀ lọ́jà Koumassi. Bàbá Múínátù ni àbúrò, ó ń bá a tajà. Múínátù wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Alhájì ló sì ń san owó ilé ìwé rẹ̀. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé, "Alhájì, ẹ má wulẹ̀ wá ayàwòrán ilé kankan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣe ẹ̀kọ́." Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọṣẹ́ ni.

Mo ní kí oníkálukú ya ilé tí ìdílé méjì á jọ máa gbé. Sẹ̀ǹtímẹ́tìrì kan lórí ìwé, mẹ́tìrì kan lórí ilẹ̀. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà sára ògiri kankan, kí rúlà fúnra rẹ̀ máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ka búlọ́ọ̀kù tí ilé náà máa gbà, kí wọ́n ṣírò sìmẹ́ńtì, kí àpapọ̀ rẹ̀ má sì kọjá iye tí Alhájì yọ sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá, kó lọ dín yàrá kù.

Ìjà ilé ìdáná ló gbòde ní kíláàsì. Ẹni tó ya méjì, owó rẹ̀ ò ká a. Ẹni tó ya ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ìyàwó á fi orógùn bára wọn jà. Múínátù ya ẹyọ kan, ó wá fún un ní ilẹ̀kùn méjì. Mo bi í pé kí nìdí. Ó ní, "Mẹ́tìrì, kí Alhájà àti màmá mi má baà máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Alhájì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní, "Èyí la máa kọ́."

Bàbá Múínátù ni wọ́n ní kó lọ dúró ti iṣẹ́ nílé. Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, ó wá bá mi. "Mẹ́tìrì, àwòrán yìí ti kéré jù, ojú àwọn bírikilà wa ò ní gbé e. Ẹ bá mi sọ ọ́ di ńlá." Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọtokópì, mo ní kí wọ́n gbé e sórí ìwé ńlá. Ó mọ́ roro. Mo ká a fún un, mo sì tọ́jú èyí tí Múínátù fọwọ́ yà sínú àpótí mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ sísàlẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ńlá náà pé sẹ̀ǹtímẹ́tìrì kan jẹ́ mẹ́tìrì kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò ti rí i. Ìwé tóbi, ògiri tóbi, ṣùgbọ́n rúlà ò tóbi sí i. Yàrá tí Múínátù ya ní mẹ́tìrì mẹ́rin ti kọjá mẹ́tìrì márùn-ún ààbọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwọ̀n, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án.

Ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n kọ́ ọ sí, ilẹ̀ náà gbòòrò, kò sẹ́ni tó fura. Ìpìlẹ̀ nìkan gbé sìmẹ́ńtì mì bí ẹni mumi. Búlọ́ọ̀kù tí àwọn ọmọ kà fún odindi ilé tán nígbà tí ògiri dé ojú fèrèsé. Alhájì gbé fóònù, ó pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀ pé, "O ti jẹ owó mi! Ọlọ́pàá ni màá fi mú ọ!" Bàbá Múínátù búra pé ohun tó wà lórí ìwé làwọn tẹ̀lé. Alhájì ní kó fi ìwé náà ránṣẹ́ kíá.

Nígbà tí mo gbọ́, mo ṣí àpótí mi. Mo gbé rúlà lé àwòrán Múínátù. Mẹ́rin ni, géérégé. Ìgbà yẹn ni mo rántí fọtokópì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo ti mọ̀ kó tó di ọjọ́ ìpàdé.

Pálọ̀ Alhájì ni wọ́n pè wá sí, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Àwọn àgbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀; Bàbá Múínátù ṣì wà ní Ìgbòho. Wọ́n tẹ́ ìwé ńlá náà sórí tábìlì. Múínátù gbé rúlà lé e. Ó ní, "Ìwé tèmi ò tóbi tó báyìí." Alhájì jágbe mọ́ ọn. "Dákẹ́ jọ̀ọ́! Ṣé ìkọ̀wé rẹ kọ́ nìyí?" Ó ní ìkọ̀wé òun ni. "Ta ló wá ní kó o ya yàrá tó fẹ̀ bíi mọ́ṣáláṣí?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó ní, "Mẹ́tìrì ni mo tẹ̀lé."

Àwọn àgbà rò pé ọ̀pá ìwọ̀n ló ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ pòṣé pé mẹ́tìrì kì í purọ́, ọwọ́ tó dì í mú ló ń purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni ọmọ náà ń wò. Títí dòní, mi ò mọ èyí tó ní lọ́kàn nínú méjèèjì.

Alhájì yíjú sí mi. "Mẹ́tìrì, ṣé ọmọ yìí wọ̀n ọ́n dáadáa?" Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á bi mí pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Mo rántí ìdánwò ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo rò ó pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó máa pè mí ní mẹ́tìrì mọ́. Mo ní, "Ọmọdé ni, Alhájì. Ó lè ṣì í."

Gbogbo ohun tí mo sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn lóòótọ́.

Alhájì yọwọ́ nínú owó ilé ìwé Múínátù. Ó ní ọmọ tí kò mọ ẹyọ kan yàtọ̀ sí ẹyọ kan ààbọ̀, ọjà ló yẹ. Kò fi ọlọ́pàá mú àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí Bàbá Múínátù padà sí Abidjan. Yàrá kan ló háyà ní Ìgbòho, ilé tí kò lórùlé yẹn sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Inú yàrá náà ló kú sí lọ́dún tó kọjá.

Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ní Koumassi níbí. Mo lọ. Alhájì ti darúgbó, ó ń sunkún. Ó pe Múínátù sí àárín èrò, ó ní, "Àṣìṣe rẹ ló da èmi àti bàbá rẹ rú. Mo ti dárí jì ọ́." Múínátù kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Gbogbo èèyàn ní àmín. Èmi náà ní àmín. Háà, ẹnu yìí ṣe àmín!

Aṣọ ni Múínátù ń tà lọ́jà báyìí. Mo lọ ra mẹ́tìrì mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù yẹn. Ó pe obìnrin ìsọ̀ kejì kó wá bá òun wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Ṣé ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Mẹ́tìrì. Ẹ̀yin náà ṣá mọ̀ pé mi ò mọ ìwọ̀n."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá sílé mi, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá fi ọlọ́pàá mú bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọmọ yìí dáadáa, kó má baà ṣì í bíi tèmi." Mo ní kó dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwòrán náà ṣì wà nínú àpótí. Bí mo bá gbé e fún Múínátù, á mọ̀ pé òun ò ṣì í rí, á sì mọ̀ pé mo ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Ó máa dé etí Alhájì, ẹni tí ọjọ́ ogbó ti dé bá, pé ó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ kú sínú ìtìjú lásán. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, irú ènìyàn wo ni mí? Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má fi òwe dá mi lóhùn. Ẹ sọ ohun tó yẹ kí n ṣe fún mi.

Ọ̀la Sátidé ni ọmọ náà máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ yẹn, ó juwọ́ sí mi, ó ní, "Ó dàbọ̀, Mẹ́tìrì." Ẹ̀kọ́ tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ látijọ́ ni pé sẹ̀ǹtímẹ́tìrì kan jẹ́ mẹ́tìrì kan. Ojú wo ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ?