Obìnrin Tó Ń Jókòó Sùn

Ọ̀dọ̀ dókítà kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin? Ẹ wọkọ̀ láti Àpáta wá sí Agbowó, pé kí n mú yín lọ bá dókítà tó wo Àpínkẹ́ ìyàwó mi tẹ́ ẹ pa? Háà! Ẹ mà gbójú o!

Ẹ ní bẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á há. Ẹsẹ̀ yín rèé, ó wú bíi bẹ́ǹbẹ́. Ṣé bó ṣe ṣe Àpínkẹ́ kọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ bá a níbi tó ti fẹ̀yìn ti ògiri tó ń tòògbé, tẹ́ ẹ ní obìnrin tó ń jókòó sùn, ẹgbẹ́ àjẹ́ ló ń dúró dè! Mo fi ìwé dókítà hàn yín, mo ní ọkàn rẹ̀ ló ti wú, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, kó máa lo oògùn, kó máa gbé orí sókè sùn. Kí lẹ wí? Ẹ ní ọkùnrin olówó ni àrùn ọkàn ń pa, ẹ ní ta ló gbọ́ ọ rí pé ó ṣe obìnrin ọlọ́mọ márùn-ún! Ṣebí ẹ̀yin ni Ìyá Àdúrà.

Ẹ fi í sí ilẹ̀ àánú ọjọ́ méje ní ṣọ́ọ̀ṣì yín! Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn, kó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ jẹ́ n jókòó díẹ̀.” Ẹ ti èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ yín yìí náà! Ọjọ́ kẹta ló kú, ẹ sì sọ fún ìjọ pé ó jẹ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ kí ni? Èémí ló ń wá!

Èmi òmùgọ̀ ń ru kọnkéré ní Bódìjà, mo dákẹ́, torí pé ẹ̀yin lẹ tọ́ mi.

Ẹ má sunkún sí mi lọ́rùn. Ẹkún ń jẹ èémí, tiyín ò sì tó nǹkan mọ́.

N ó mú yín lọ. Mo fi Ọlọ́run búra, n ó mú yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dìde dúró lójú àwọn ayálégbé wọ̀nyí àti àwọn ọmọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ pé kì í ṣe àjẹ́, pé ẹ̀yin lẹ purọ́. Kí lẹ wí? Èémí ò gbé e? Ẹ mú un díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣubú, a ó gbé yín dìde, ẹ ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yá. Orúkọ rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ pè. Ẹ ké e sókè.