Òkè Tí Omi Kò Dé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ajah ni, ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ́ máàpù àtijọ́ kan sórí káńtà.

"Màmá, ìlú yín rèé, kí ìjọba tó sé odò, tí omi fi bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àmì dúdú wọ̀nyí, ilé ni."

Ìyá fi ìka tọ odò náà lọ. "Hẹn-ẹn! Ibí la ti ń pọnmi. Ilé bàbá mi nìyí. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni wọ́n sin ibi ọmọ sí nígbà tí wọ́n bí mi."

"Àṣé òótọ́ ni! Mo rò pé àlọ́ lẹ ń pa fún wa."

"Àlọ́ kẹ̀? Ìwọ tó ní tí mo bá kú, inú yanrìn tí wọ́n fi dí ọ̀sà ní Lekki lo máa sin mí sí!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àwọn ìlà tó ń yípo yìí, Màmá. Òkè ni. Omi ò dé orí rẹ̀, ó wà níbẹ̀ dòní."

Ìyá gbé ìka lé orí òkè náà.

"Tí ọjọ́ mi bá pé, ibẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí, kí n lè máa wo ilé."

"Mo ti gbọ́, Màmá. Ibẹ̀ náà ni."

Kí n lè máa wo ilé! Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Omi gbé odindi ìlú mì, Ọlọ́run sì ṣẹ́ òkè kù fún ìyá kan. Ìwọ tó ń ka èyí, wà á dàgbà, wà á dogbó, ọmọ rẹ yóò sì gbọ́ ohùn rẹ.