Ìgò Tèmi Láàárín Ìgò Àwọn Tára Wọn Le

Alága ìjókòó wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin aláìsàn tí ẹ fún wa ní ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín láìbínú, ẹ̀yin ẹbí mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, purotéènì kan ṣoṣo ni mo ń lé kiri nínú yàrá àyẹ̀wò wa. Kíndìnrín fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, òun náà ló sì ń dáàbò bo kíndìnrín, tí kì í jẹ́ kí àpá bò ó, tí kì í jẹ́ kó tètè gbó. Bí kíndìnrín bá ti ń ṣàìsàn, kíá ni purotéènì yìí á ti máa dínkù. Ìbéèrè mi ò sì yí padà: ṣé àìsí rẹ̀ ló ń ba kíndìnrín jẹ́, àbí kíndìnrín tó ti bàjẹ́ ni kò lè ṣe é mọ́?

Ẹ mọ àṣà wa. Ìtọ̀ tiwa òṣìṣẹ́ la fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọn tára wọn le. Lọ́dún tó kọjá, ìgò kan nínú tiwa jáde, purotéènì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀gá ẹ̀rọ wa, tá à ń pè ní Baba Ariwo, gbá ẹ̀rọ náà létí. "Ọtí ti pa ẹ́ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó tún àyẹ̀wò náà ṣe, ó tún un ṣe. Ìgbà tó wá wo nọ́ńbà ara ìgò, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

Tèmi ni. Àwọn dókítà yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kíndìnrín mi méjèèjì ti ń daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìfẹ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ yí mi ká, ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ gún mi lábẹ́rẹ́ purotéènì náà. "Ó ṣiṣẹ́ lára eku, Màmá!" Mo ní, "Ṣé mo wá jọ eku lójú yín ni?" Mo kọ̀, inú sì bí yín. Ṣùgbọ́n bí ara mi bá yá, ẹ ó ní abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Bí mo bá kú ńkọ́? Ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà mọ́. Èmi nìkan ò tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ dárí jì mí fún gbogbo ìgbà tí mo ti fi "ṣé ó dá yín lójú?" ba ayọ̀ yín jẹ́. Ẹ ṣáà máa bá mi bi í lọ.

Àbúrò mi obìnrin tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń ṣe bíi pé òun ò gbọ́, ló fẹ́ fún mi ní kíndìnrín rẹ̀ kan. Mo ní, "Bí ìwọ náà bá nílò rẹ̀ lọ́la ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù. Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbà á." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹ fi àdúrà sìn ín.

Kí Ọlọ́run dá ara yín sí. Kí ohun tí ẹ bá rí jẹ́ òtítọ́, kó sì wo ẹni tí a ò mọ̀ sàn. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni o.

Àbúrò mi, fún mi lọ́wọ́ rẹ. Mo ti gbà.