Ike Àádùn Tó Ń Lọ Sójú Ogun

Nínú takisí láti Ìlá lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sáàárín èmi àti ìyá kan tó gbé ike àádùn lé ẹsẹ̀, tó ń gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ tó ń padà sójú ogun lọ́la.

"Ìyá, ṣé ebi ń pa ọmọ yín níbẹ̀ ni?"

"Ó ní oúnjẹ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn."

"Ẹ jẹ́ n tọ́ èyí wò." Ó mú àádùn kan. "Oúnjẹ wà, ìyá. Ọ̀gá ló pọ̀ jù! Nígbà tiwa, ọ̀gá mẹ́ta ló ń pàṣẹ fún ọkọ̀ oúnjẹ kan. Ọ̀kan ní kó máa lọ, èkejì ní kó padà, ẹ̀kẹta ní kó kọ́kọ́ yà sílé òun." Ó tún mú òmíràn. "Lọ́jọ́ kan, bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ kan la fi fò lé ọ̀tá, a sì lé wọn bá!"

"Ẹ̀ẹ̀! Kí ni kí wọ́n wá ṣe sí i?"

"Kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ lórí ẹrù, látorí iná títí dé ẹnu ẹni tí ebi ń pa."

Ọwọ́ rẹ̀ tún ti wà nínú ike. Ìyá wo ike, ó wo ẹnu rẹ̀ tó ń pọ́n fún epo.

"Bàbá ṣọ́jà, a ò tíì dé Ọ̀tan, oúnjẹ ojú ogun ti dín kù! Ó yé mi wàyí. Èmi ni ọ̀gá ẹrù yìí."

Ó dé ike pa, ó jókòó lé e, orí rẹ̀ kan òrùlé ọkọ̀. Bí mo bá purọ́, kí eyín tó kù lẹ́nu mi jábọ́: epo tó kù níka ni bàbá wá ń lá. Èmi tí mo ti ń gbé itọ́ mì, mo yáa kọjú sí fèrèsé.