Orúkọ Àwọn Òkú Ilé Wa Ni Mo Kọ Sínú Ìwé Ìjọba

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún kan ààbọ̀. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún lémọ́ọ̀mù wa. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé àwọn àlejò ìjọba ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá rí àwọn obìnrin tí mo kọ orúkọ wọn, àwọn obìnrin náà kò sì sí lókè eèpẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Akọ̀wé ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú Ìbàdàn. Ọ̀gá wa ṣèlérí ní gbangba pé àwọn obìnrin àdúgbò wa kò ní í fi igi dáná mọ́, torí èéfín ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, igbó ń tán, oòrùn sì ń le sí i lọ́dọọdún. Èmi ni wọ́n fún ní ìwé ti Àrẹ̀mọ, àdúgbò wa. Kí n máa wọ agboolé dé agboolé, kí n kọ orúkọ obìnrin tó bá ń fi igi dáná, kí onítọ̀hún tẹ̀ka sí i. Ẹni tó bá tẹ̀ka yóò gba ààrò gáàsì kan.

A wà nínú ààwẹ̀ nígbà náà. Ẹ mọ àwọn ọ̀nà Àrẹ̀mọ, òkè lẹ́yìn òkè. Agboolé méjì péré ni mo dé tí ẹsẹ̀ mi ní òun kò lọ mọ́. Mo yà sílé bàbá mi, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó tutù. Inú ilé la ń sin àwọn àgbà wa sí, sàréè àwọn ìyá wa sì wà níwájú mi níbẹ̀, orúkọ kálukú wà lára sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ìmẹ́lẹ́ ló ṣe mí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìkà. Mo kọ Ṣìfáwù. Mo kọ Àlímọ̀tù. Mo kọ Rábíátù. Nígbà tí tiwa tán, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì, mo kọ tiwọn náà. Ìka èmi fúnra mi ni mo ń pààrọ̀ tẹ̀ sí i.

Wọ́n yìn mí lọ́fíìsì, wọ́n ní iṣẹ́ mi yá. Nígbà tí àwọn ààrò dé, mo ní màá bá àwọn arúgbó tí kò lè rìn gbé tiwọn lọ. Mo kó wọn sí yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo tì í pa.

Kò pé oṣù kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn èéfín níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìn ìrun Àílà. Èéfín igi tútù ni, bẹ́ẹ̀ gáàsì la ń lò nílé wa látọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó àbúrò mi ní bóyá láti Ọjà'ba ni atẹ́gùn ti ń gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ kan sàréè Ṣìfáwù, ó gbóná bí ìdí ìkòkò.

Opó kan ń gbé agboolé tó kọjú sí tiwa, Ìyá Ẹlẹ́kọ là ń pè é. Igi ló fi ń se ẹ̀kọ láti ìgbà ọmọge. Èéfín ti ba ojú rẹ̀ kan jẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí kò bá kúrò nídìí igi, èkejì á tẹ̀ lé e. Nígbà tí mò ń kọ orúkọ, ó bi mí pé ṣé n kò ní í dé ọ̀dọ̀ òun ni. Mo ní ìwé ti kún.

Lóṣù tó kọjá, ojú tó kù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àánú ṣe mí, ojú sì tì mí. Mo gbé ààrò kan jáde, mo gbé e lọ bá a.

"Ìyá, ẹ gba èyí. Ìjọba ló ní kí n gbé e fún yín."

Ó fọwọ́ kàn án, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ti Ṣìfáwù nìyí. N ò lè gba nǹkan olóhun, ọmọ mi. Gbé e padà."

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un, Ṣìfáwù sì ti kú kí wọ́n tó gbé ìyá yìí níyàwó wá sí àdúgbò wa. Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Àwọn obìnrin tó ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni. Látìgbà tójú mi ti ń ṣú ni mo ti ń rí wọn. Wọ́n ní o kọ àwọn mọ́ àwọn tó ń dáná, ìdí nìyẹn táwọn fi ń dáná. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí o lọ gba orúkọ àwọn padà."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú á yọ́ ọ ṣe. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn á tún ìwé náà kọ, Ìyá á gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀ lé e. Bí mo bá dákẹ́, ojú ìyá náà ń lọ. Ọ̀gá mi sì ti ní kí n kó àwọn obìnrin náà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n wọṣọ tó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ bá mi bẹ àwọn tí mo ṣẹ̀, òkú àti ààyè.

Lánàá, mo lọ kí Ìyá Ẹlẹ́kọ. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n ń bi mí léèrè orúkọ tìẹ, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kọ ọ́," ló wí. "N ò tíì sọ fún wọn."

Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.