Kíláàsì Tó Kúnlẹ̀ fún Ewúrẹ́

Odindi kíláàsì ló kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù ni mo ti gbọ́ ọ lánàá, lẹ́nu ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń dán wò fún iṣẹ́ tíṣà. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Màmá, mo ń kọ́ wọn ní 'this' àti 'that'. Ọ̀gá àgbà ló wà lọ́ọ̀ọ́kán, ni mo bá kúnlẹ̀ kí n tó nawọ́ sí wọn: 'That is a man.'"

Ìyá tó jókòó tì í ní, "O káre. Ta ní í nàka sí àgbà lórí ìdúró?"

"Àwọn ọmọ rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn! Ewúrẹ́ kọjá níta, gbogbo wọn kúnlẹ̀: 'That is a goat!'"

"Yéè! Ṣé wọ́n ṣì máa gbà ọ́?"

"Ọ̀gá ní kí n wá tún un kọ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ìta làwọn máa dúró sí, kí n má baà tún rẹ́ni kúnlẹ̀ fún."